Ibi Tí Nọ́síràtù Yóò Sùn ní Iléṣà

Fàtímọ̀, aránṣọ Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, kì í fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ láìjẹ́ pé ó ti wọn ọmọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ló fi ń jẹun. Bí ìyá ọmọ bá ní kó rán an tóbi díẹ̀ nítorí pé ọmọ ń dàgbà, Fàtímọ̀ á ní, "Ẹ jẹ́ n rán èyí tó bá a mu lónìí. Bó bá dàgbà, màá tú ìṣẹ́tí rẹ̀."

Obìnrin tí ẹ̀rù tètè máa ń bà ni. Ọ̀fà ni Mùstàfá ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ìparí oṣù ló sì máa ń wálé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá pẹ́ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun Fàtímọ̀. Àwọn aládùúgbò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní bí òjò bá ṣú ní Ìkìrun, Fàtímọ̀ ti kó aṣọ sísá wọlé ní Òkè Baálẹ̀.

Ní ọdún tí ìjọba ní kí ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún, kókó kan yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Nọ́síràtù, àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, fọ́ọ̀mù kẹta ló wà. Wọ́n rò pé eyín ló ń dùn ún. Wọ́n fi omi iyọ̀ gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́nu. Eyín kan mì, èkejì mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì wú bíi ti ẹni tó ki odindi obì sẹ́nu tí kò jẹ ẹ́. Dókítà tó wò ó ní Òṣogbo kò fi falẹ̀ rárá. Ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà.

Ní Iléṣà, wọ́n gé bíńtín nínú kókó náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì dé, dókítà pe Fàtímọ̀ jókòó. Ó ní jẹjẹrẹ ni.

"Irú èyí máa ń gbọ́ abẹ́rẹ́," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. A ó fún un, a ó dúró kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, a ó tún fún un, títí ẹ̀ẹ̀mẹrin yóò fi pé. Kó má kúrò lọ́dọ̀ wa. Bó bá lọ kó tó pé, kókó náà á padà wá, abẹ́rẹ́ kò sì ní ràn án mọ́."

Fàtímọ̀ kò rántí nǹkan mìíràn tí dókítà sọ lọ́jọ́ náà. Kó má kúrò kó tó pé. Ìyẹn nìkan ló ń sọ sínú bó ti ń jáde.

Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin kún. Nítorí náà wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ Nọ́síràtù sí. Bẹ́ẹ̀dì tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n fún un, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ kékeré já bọ́. Bó bá na ẹsẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á yọ síta láàárín irin. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un kò dé orúnkún, ó sì ń fà á sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí dókítà bá ń kọjá. Fàtímọ̀ lè sùn tì í níbẹ̀, nítorí pé wọ́n máa ń jẹ́ kí ìyá ọmọ dúró. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tọ́wọ́ rẹ̀ dí á gbé ọmọ tó ń ké lé Nọ́síràtù lọ́wọ́ pé kó bá òun rẹ̀ ẹ́. Ìyálọ́mọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì wò ó tòun ti ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́, ó bi í léèrè pé, "Kí ló ń ṣe ọmọ tìrẹ?"

Nígbà tí ààyè ṣí sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù obìnrin, inú Fàtímọ̀ dùn. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ó ti bàlágà, mà. Ẹ jẹ́ kó wà láàárín àwọn àgbà. Wọ́n á bá mi mójú tó o." Ó rò pé iyì ni fún ọmọ náà.

Kò ro èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú ilé Yorùbá, ẹni tó kéré jù ni wọ́n ń rán níṣẹ́, àìsàn kò sì ní kí ọmọ má mọ̀ pé ọmọ lòun. Ní àárọ̀, Nọ́síràtù á sọ̀ kalẹ̀, á máa kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní, "Ọmọ Òṣogbo, bá mi bu omi." Wọ́n á ní, "Ọmọ Òṣogbo, bá mi gbé póò yẹn." Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára, òòyì ń kọ́ ọ, kò sì lè sọ fún ìyá àgbà pé kò rọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá náà kò ni ín lára. Wọ́n ń bù fún un nínú ẹ̀kọ wọn. Wọ́n kàn mọ̀ pé ọmọ ni.

Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Amos ló wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Ó wo Fàtímọ̀ lọ́jọ́ kan tó wá, ó ní, "O tọ́ ọmọ yìí dáadáa. Ẹni tó sùn síbi tó wà yìí kó tó dé, kì í dìde kí èèyàn."

Nọ́síràtù bi í pé, "Ṣé ó ti lọ sílé ni, mà?"

"Ó ti lọ sílé. Kì í ṣe ilé tí wọ́n ti ń bọ̀."

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti ń bá ikú ṣeré ó ti pẹ́. Nọ́síràtù kò rín. Ó wo ìrọ̀rí tó fi orí lé.

Agogo lù. Ní wọ́ọ̀dù obìnrin, bí agogo bá ti lù, ará ilé gbọ́dọ̀ jáde. Fàtímọ̀ dìde lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà di aṣọ rẹ̀ mú.

"Màámi, kò sí ẹni tó ń sọ ohun tí mo mọ̀ níbí. Bí wọn ò bá sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ inú rírun. Bí wọn ò bá sọ̀rọ̀ inú rírun, ta ló kú ni."

"Fara balẹ̀. Abẹ́rẹ́ la wá gbà. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, yóò pé."

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Irun Nọ́síràtù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó ń já ní odindi ìdì, ìyókù dúró gátagàta bíi koríko tí ewúrẹ́ jẹ kù. Fàtímọ̀ kò lè wò ó. Ó mú abẹ, ó fá orí náà kodoro. Ẹnu ọmọ náà ń ṣẹ̀jẹ̀, ó sì ń bì, nítorí náà ó mú ìró àti bùbá kan wá láti ilé, aṣọ aró tó dúdú kirikiri, èyí tí àbàwọ́n kò ní hàn lára rẹ̀. Ó bá ọmọ náà mu wẹ́kú. Òun tó ń rán aṣọ láti ìgbà èwe, àbàwọ́n nìkan ló rò.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan, Ìyá Amos kú. Fàtímọ̀ kò sí níbẹ̀. Ilé ìwé ń múra àtiwọlé, yunifọ́ọ̀mù sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ kejì-kejì ló ń lọ sí Iléṣà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, àwọn obìnrin ìjọ kan wá kí àwọn aláìsàn, wọ́n ń gbàdúrà láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀kan nínú wọn dé ọ̀dọ̀ Nọ́síràtù. Ó wo orí tí wọ́n fá, ó wo aró dúdú. Ó jókòó tì í, ó mú un lọ́wọ́.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run ni ọkọ opó. Ṣé ó fi ọmọ sílẹ̀ fún ọ?"

"Ta ni, mà?"

"Ọkọ rẹ tó di olóògbé."

Láti òdìkejì, ẹnì kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kò tíì fẹ́ èyí tí yóò kú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́ lọ́rùn ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí àkókò tó yẹ ẹ, nítorí pé bẹ́ẹ̀dì Ìyá Amos ṣófo, gbogbo wọn sì ń wá nǹkan tí wọ́n fi máa gbàgbé rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sọ ọmọ náà ní Opó Kékeré. "Opó Kékeré, bá mi ká aṣọ yẹn." Ó ká a.

Ní ọjọ́ kejì, Fàtímọ̀ wọ ọkọ̀ láti Òṣogbo, ó di irin mú ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn èrò ṣì ń wo ọ̀nà pẹ̀lú ìfura nígbà náà. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, wọ́n á pariwo fún dírẹ́bà pé, "Ọ̀tún o," dírẹ́bà á ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ fún mi ní láísẹ́ǹsì ni?" Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù, ó rí bẹ́ẹ̀dì méjì tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ti ká aṣọ èkejì dáadáa.

Fàtímọ̀ dúró. Ó wo àwọn ìyá náà. Kò sí ẹni tó ń wo ojú rẹ̀.

Níkẹyìn ìyá kan ní, "Kò kú o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi jáde. A rò pé ilé ìwẹ̀ ló lọ."

Gáréèjì ni Fàtímọ̀ sáré lọ. Ọkọ̀ Òṣogbo kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ó rí aró dúdú nínú rẹ̀, àti táwẹ́ẹ̀lì ilé ìwòsàn tí ọmọ náà fi bo orí. Kọ̀ndọ́ ní, "Ìyá, ẹ wọlé, ẹnì kan péré ló kù kó pé."

Ó wọlé. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Òun gan-an ni ọkọ̀ náà ń dúró dè.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Abẹ́rẹ́ ku méjì, Nọ́síràtù."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí dókítà sọ?"

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ ti gbogbo wọn. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, wọ́n ní ìyá ọmọ ni mí. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, wọ́n ní opó ni mí. Màámi, mi ò tíì jẹ́ nǹkan kan."

Ó wá sọ ti obìnrin ìjọ náà fún un, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sí ìta. Fàtímọ̀ wo ìró tó ró mọ́ ọn. Ó rí i báyìí bí ẹlòmíràn ti rí i. Ó tú ìborùn aláwọ̀ ọsàn tó wà léjìká rẹ̀, ó mú táwẹ́ẹ̀lì kúrò, ó fi ìborùn náà wé orí ọmọ náà.

"Èmi ni mo gbé aṣọ yẹn wá," ó ní. "Mi ò rò ó dé ibẹ̀."

Kọ̀ndọ́ gbá ara ọkọ̀. "Ṣé ká máa lọ?"

Ilé ló ń wu Fàtímọ̀ náà. Bó bá dákẹ́, ọkọ̀ yóò gbéra. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ rẹ̀ yóò wà nínú yàrá rẹ̀, òun yóò máa gbọ́ mímí rẹ̀ látorí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kókó náà yóò sì wà nílé pẹ̀lú wọn.

"Níbo lo fẹ́ kí wọ́n tẹ́ ọ sí?"

"Níbi tí ẹnì kan bí èmi bá wà. Àgbékẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ wọ́ọ̀dù, tíṣà ọmọ Ẹ̀sà-Òkè, orúnkún ló ń dùn ún. Bí mo bá lọ jókòó tì í, tí a rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní à ń da aláìsàn láàmú. Ṣé àwa ò ṣàìsàn ni?"

"Ìyá," ni kọ̀ndọ́ wí, "ọkọ̀ nìyí o, kì í ṣe kóòtù."

Fàtímọ̀ dìde. "A ń bọ́ sílẹ̀."

Àwọn èrò pòṣé. Nọ́síràtù bọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ibi bẹ́ńṣì oníbúrẹ́dì ló dé dúró. Ó ní òun kò ní dé ilé ìwòsàn àfi bí òun bá mọ ibi tí òun yóò sùn.

"Jókòó síbí nígbà náà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Màá lọ bá Sístà. Bó bá kọ̀, màá padà wá, a ó jọ lọ sílé."

Kò dá a lójú pé òun lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Sístà Ọ̀ṣuntókun ni olórí wọ́ọ̀dù náà, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè, tí gbogbo ènìyàn sì ń gbọ́. Ó ti rán ènìyàn wá ọmọ náà kiri. Nígbà tó gbọ́ pé ó wà ní gáréèjì, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ mú un wá, kí n bá a wí."

"Kò ní wá, mà. Ó ní kò síbi tó yẹ òun."

"Ìyá Nọ́síràtù, òfin ibí kò ṣòro. Títí dé ọdún méjìlá, ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin."

"Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n nílé wa, ọmọge kì í sùn ti àwọn ìyá àgbà, kì í sì í sùn ti ọmọ ọwọ́. Àwọn ọmọge ní yàrá tiwọn."

"Ilé yín kọ́ nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyẹn ló fi fẹ́ lọ sílé."

Sístà wò ó. Fàtímọ̀ sọ ojú sílẹ̀, ẹ̀rù bà á pé òun ti kọjá àyè òun. Ṣùgbọ́n kò kúrò.

"Mi ò ní yàrá," ni Sístà wí. "Ibi tó kù ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Nẹ́ẹ̀tì ló yí i ká. Òjò á máa fẹ́ wọlé."

"Màá rán kọ́tíìnì tó nípọn sí i."

"Bí ara ẹnì kan bá yí lóru, nọ́ọ̀sì kò ní tètè rí i."

Èyí ti ń ba Fàtímọ̀ lẹ́rù kí Sístà tó sọ ọ́.

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ Òṣogbo, kò sí nọ́ọ̀sì tí yóò rí i rárá," ó ní.

Sístà fi ọwọ́ pa ojú. "Bẹ́ẹ̀dì méjì. Òun àti tíṣà yẹn. Bí àìsàn ẹnikẹ́ni bá le, inú wọ́ọ̀dù ni mò ń gbé e padà sí, n kò sì ní gbọ́ ẹkún. Ẹ lọ pè é kí n tó yí ọkàn padà."

Aṣọ ilé ìwé tó nípọn ni Fàtímọ̀ fi rán kọ́tíìnì náà. Sístà sì sọ fún àwọn ìyá wọ́ọ̀dù pé kí wọ́n yé rán àwọn ọmọ náà níṣẹ́. Wọ́n kùn. Ọ̀kan ní ọmọ ayé òde òní ti di ọ̀gá.

Àgbékẹ́ fi ọdún mẹ́ta ju Nọ́síràtù lọ. Ó ní wíìgì kan, èyí tó rí rìbìtì bí àgbọn, tí àwọn oge ìgbà náà ń dé kiri. Òun àti Nọ́síràtù jọ ń dé e ní pínpín, ẹni tí àlejò rẹ̀ bá ń bọ̀ ló ni ín.

"Bó o bá bì sí i," ni Àgbékẹ́ máa ń wí, "wàá sanwó rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Òṣómàáló ni bàbá mi. Màá lóṣòó níwájú bẹ́ẹ̀dì rẹ títí n ó fi gbowó mi."

"Orúnkún wo lẹ máa fi lóṣòó, Áńtí Àgbékẹ́?"

Àgbékẹ́ á ju ìrọ̀rí lù ú. Láti inú wọ́ọ̀dù, wọ́n á gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jẹ́ ká sùn." Àwọn ọmọ kíláàsì Nọ́síràtù wá láti Òṣogbo ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n sọ fún un irú ìdánwò tó ti sá fún. Fàtímọ̀ jókòó síta. Ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láàárín tiwọn, kò sì wọlé.

Abẹ́rẹ́ kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Ibà wọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Sístà ṣe bó ti wí, ó gbé e padà sínú wọ́ọ̀dù, lẹ́bàá tábìlì nọ́ọ̀sì. Fàtímọ̀ gbà pé òtútù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló fà á, pé òun ló bẹ̀bẹ̀ fún un. Kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí dókítà sọ fún un pé abẹ́rẹ́ ló ṣe é, kì í ṣe òtútù, ó dúpẹ́, kò sì gbà á gbọ́. Àwọn ìyá tó ń kùn sí ẹ̀rín ló ń bá a fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí ọmọ náà. Lójoojúmọ́, Fàtímọ̀ ń retí pé kó sọ pé òun fẹ́ lọ sílé. Ohun tí Nọ́síràtù sọ ni pé, "Ẹ sọ fún Àgbékẹ́ kó má jẹ́ kí wọ́n gba bẹ́ẹ̀dì mi."

Ó padà síbẹ̀ nígbà tí ara rọ̀ ọ́. Kò pẹ́, wọ́n gbé Àgbékẹ́ lọ sí Ìbàdàn nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ gígé ni wọ́n ń sọ. Ó fi wíìgì sílẹ̀. Kò tíì sí ìròyìn rẹ̀ títí di ọjọ́ tí Nọ́síràtù gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Lọ́jọ́ náà, òun nìkan ló wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó na apá fún nọ́ọ̀sì, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, dókítà tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò pẹ́.

"Kókó náà ti lọ. Ẹ máa mú un wá lóṣooṣù kí n máa fọwọ́ kàn án."

"Ṣé ó ti tán nìyẹn, dókítà?" ni Fàtímọ̀ bi í.

"Ó ti lọ, ìyá. Bóyá ó ti tán, ọjọ́ iwájú ló máa sọ."

Fàtímọ̀ di ẹrù wéréwéré, bí ẹni pé dókítà lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ọkọ̀ kan ń gbé èrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ kí wọ́n dé Òṣogbo kó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí ọ̀nà náà. Bó ti gbé ẹrù lé orí, ó rí i pé ọmọbìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tíìnì, tó gbá ìdì aṣọ mọ́ àyà. Àpìkẹ́ lorúkọ rẹ̀, láti Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti wá. Kókó rẹ̀ wà lọ́rùn. Kò jókòó. Ojú rẹ̀ ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ó máa ń dunni?" ó bi Nọ́síràtù.

"Ó máa ń dunni," ni Nọ́síràtù wí. "Irun á já. Ọjọ́ kejì abẹ́rẹ́ ló burú jù, má jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ náà."

"Wọ́n ní kí n dúró síbí títí yóò fi pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Gbé ẹrù rẹ sílẹ̀."

Ọmọ náà kò gbé e sílẹ̀. Nọ́síràtù jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

Fèrè ọkọ̀ dún níta. Fàtímọ̀ ní, "Nọ́síràtù, ọkọ̀ o."

"Màámi, ẹ jẹ́ kí èyí máa lọ."

Fàtímọ̀ wo òde, ó wo oòrùn. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì jókòó lé e. Ọkọ̀ náà gbéra.